Wákàtí Kan sí Jọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Jọ́ọ̀sì ṣe jìnnà sí Ìbàdàn tó, ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ẹ bá bi léèrè. Luqman, ọmọ Ìjàyè, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfúrufú, yóò sọ fún yín pé wákàtí kan àti díẹ̀ ni láti Alákia dé ibẹ̀, bí bàálù bá ti gbéra. Awakọ̀ tí ó ń fi mọ́tò kó èrò lọ sí òkè ọya yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò sì ní kí ẹ mú aṣọ ìbora dání, nítorí ẹ óò sùn lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Bàbá Lìádì, àgbẹ̀ abà Láoyè, kò ní mẹ́nu ba wákàtí tàbí máìlì rárá. Yóò wò yín láti òkè dé ilẹ̀, yóò wá bi yín pé ta ni ó kú.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà, torí òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Àárín òótọ́ wọn yìí ni ìfẹ́ Luqman àti Àmọ̀pé há sí, tí a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i yọ.

Ọdún 1989 ni wọ́n pàdé. Àmọ̀pé ni àbíkẹ́yìn Bàbá Lìádì. Ó ti ṣe fíríídọ́ọ̀mù nínú iṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá ọ̀gá rẹ̀, Mùjíbátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Roheem, ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Olódò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ó sì gbé aṣọ pupa kan tí oòrùn ti mú kí ó ṣí dání. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àmọ̀pé yí aṣọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ kan fẹ̀, èkejì há, kò ní ọwọ́, kò ní ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan yìí?"

"Atẹ́gùn ló ni ín," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fèsì, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Roheem dá maṣíìnì dúró, ó gbójú sókè.

Luqman wá ṣàlàyé. Orí òpó ni wọ́n máa ń so ó mọ́ ní pápákọ̀ Alákia, kí àwọn tí ó ń wa bàálù lè rí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí wọ́n tó balẹ̀. Ó ti ya. Wọ́n ti béèrè tuntun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò dé.

"Itan ló ti ya," ni Àmọ̀pé wí, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí ó ya. "Atẹ́gùn yín yìí mà ń sáré o!"

"Ẹ ṣáà bá wa rán an dáadáa. Tí kò bá sí níbẹ̀, àwọn tó wà lókè ò ní mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ wá gbà á?"

"Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá wà níbí."

Ìyá Roheem húkọ́. "Ìgbà gbogbo ló wà níbí. Òun ni mo fi ṣe òpó ṣọ́ọ̀bù."

Àmọ̀pé rán aṣọ náà bí ẹni rán aṣọ ọdún. Òwú tí wọ́n fi ń rán báàgì ni ó lò, ó sì kọjú abẹ́rẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti wọ mọ́tò tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ kọjá, yóò na ọrùn títí yóò fi rí ohun pupa kan tí ó ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni àwọn tí ó wà lójú ọ̀run ń wò.

Luqman kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yípo kí ó tó padà. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já. Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn tún já. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta, Ìyá Roheem gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó rí i pé abẹfẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gé òwú rẹ̀.

"Àmọ̀pé, wá gba ṣẹ́ẹ̀tì yìí o. Bọ́tìnnì arákùnrin yìí tún ti gé ara ẹ̀."

Ojú ti Luqman, ṣùgbọ́n kò lọ. Àmọ̀pé pẹ̀lú kò fẹ́ kí ó lọ. Ó ti di ẹni tí ó ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀, tí ó sì máa ń tẹrí padà sórí maṣíìnì bí ìró náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọkùnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, tí ó máa ń wojú ọ̀run kí ó tó dáhùn ìbéèrè. Àmọ̀pé fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi tan ara rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n gbé Luqman lọ sí pápákọ̀ Jọ́ọ̀sì. Etí títì ní Adégbayì ni ó ti sọ fún un, níbi tí Àmọ̀pé ti lọ ra òwú.

"Wákàtí kan ni, Àmọ̀pé. Ó lé díẹ̀. Tó o bá gbé ìrẹsì kaná níbí, kó tó jinná mo ti dé."

"Ìrẹsì wo nìyẹn? Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná."

"Jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà dáa," ni Àmọ̀pé wí. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ o ò tíì mọ bàbá mi."

Ìyá Roheem ni ó ṣe alárinà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bùbá tí ó dára, ó gba abà Láoyè lọ. Ẹ̀yìn wáyà pápákọ̀ Alákia gan-an ni abà náà wà, tí ó fi jẹ́ pé orí oko Bàbá Lìádì ni àwọn bàálù máa ń gbà bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. Ó bá bàbá lábẹ́ igi obì níwájú ilé, ó ń pọ́n ọkọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn. Bàbá Lìádì béèrè ìdílé ọmọ náà, ó gbọ́ pé ará Ìjàyè ni wọ́n, inú rẹ̀ dùn, torí ó ti ní àna níbẹ̀. Ó béèrè bóyá ó ń kírun. Ó béèrè iṣẹ́. Ìyá Àmọ̀pé tilẹ̀ ti dìde láti lọ bu omi tútù wá fún àlejò.

"Níbo ló ń gbé báyìí?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, Bàbá, àmọ́ bàálù—"

Bàbá Lìádì gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Mùjíbátù, ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú o."

"Èmi ni. Jẹ́ ká sọ pé èmi ni mo kú láàárọ̀ yìí. Ìgbà wo lẹ máa sin mí?"

"Háà, ẹ̀yin máa pẹ́ láyé, Bàbá."

"Mo ní ìgbà wo?"

Ìyá Roheem wo ilẹ̀. "Lẹ́yìn ìrun Àílà ni."

"Tó bá pẹ́ tán. Àlàásárì ò ní bá mi lókè ilẹ̀. Ẹ̀sìn wa kì í tọ́jú òkú pamọ́. Ta ló wá máa lọ sọ fún Àmọ̀pé ní Jọ́ọ̀sì? Ìgbà wo ló máa dé? Kí ló máa bá?"

Gbogbo wọn ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí Lìádì wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ kòkó ní ìhà Kùmásí. Ibẹ̀ ni ó wà tí bàbá rẹ̀, Àjàní, fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ránṣẹ́ sí i láti ọwọ́ èrò kan tí ó ń lọ. Láràárọ̀ ni Àjàní máa ń béèrè pé, "Lìádì ńkọ́? Ṣé ó ti dé?" Ó kú ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí Lìádì fi máa wọ abà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, koríko orí sàréè ti ga, ó ti ń tanná. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun kí bàbá òun ni tàbí kí òun sunkún.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ń dàgbà, ìtòsí ni ó ń fi wọ́n fọ́kọ sí. Ọ̀kan wà ní Olódò, ọ̀kan ní Adégbayì. Èyí tí ó jìnnà jù lọ wà ní Ìjàyè, ó sì pẹ́ kí bàbá tó dárí ìyẹn ji ọkọ rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ náà pé mo kí i," ni bàbá wí fún alárinà. "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ọmọ mi ò ní bá koríko."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àmọ̀pé wà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé kò rí ọ̀nà bínú sí bàbá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni bàbá ń wò, tàbí pé ó kórìíra Luqman, ìbá jà. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn fẹ́ bá bàbá jà sí, ẹni tí kò béèrè ju pé kí ọmọ òun rí ojú òun kẹ́yìn? Nígbà mìíràn, bí ó bá ń rán aṣọ, yóò bi ara rẹ̀ pé irú ọmọ wo ni òun tí ó fẹ́ lọ. Kò pẹ́, yóò gbọ́ ìró bàálù lókè, gbogbo ara rẹ̀ yóò sì lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn láti ọ̀nà jíjìn. Luqman ní ọ̀rẹ́ kan ní Alákia tí ń jẹ́ Josiah, tí ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tí pápákọ̀ kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀. Bí Josiah bá ti parí ọ̀rọ̀ bàálù àti ti òjò pẹ̀lú Jọ́ọ̀sì, yóò fi gbólóhùn kan sí i pé, "Atẹ́gùn Olódò tutù lónìí." Luqman ti mọ̀ pé Àmọ̀pé ń kí òun nìyẹn. Ọjọ́ tí inú ọmọbìnrin náà kò bá dùn, Josiah yóò ní ìkùukùu ṣú níbẹ̀.

Nígbà tí Luqman gba ìsinmi ní ìparí ọdún 1991, ó gbà pé òun fúnra òun ni yóò lọ bá bàbá. Ó gbé àpò ànàmọ́ òyìnbó kan àti kábéèjì ńláńlá lọ sí abà Láoyè, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Bàbá Lìádì.

Bàbá mú ànàmọ́ kan, ó fi èékánná ha ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ín sí, àti bóyá ebè ni tàbí poro. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ànàmọ́.

"Mo gbọ́ pé wákàtí kan lo ń sọ kiri," ni bàbá wí níkẹyìn.

"Ó lé díẹ̀, sà."

"Ó dáa. Mi ò ní sọ ọjọ́ fún ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Àsùbáà, màá ránṣẹ́ pé mo ti kú. Tó o bá dúró níwájú mi kí lèmọ́mù tó sálámà ìrun Àlàásárì, máa mú ọmọ mi lọ. Tó ò bá dé, o ò ní fẹsẹ̀ kan abà yìí mọ́. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, sà."

Kò tilẹ̀ mí kí ó tó dáhùn. Àmọ̀pé gbọ́ ọ, inú bí i. Nígbà tí ó sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó dúró, kò rìn mọ́.

"Ta lo bi kó o tó gbà? Ṣé ẹrù tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ ni mo jẹ́ ni?"

"Tí mo bá ní mi ò gbà, a jẹ́ pé irọ́ ni wákàtí kan tí mò ń sọ nìyẹn."

"Ìwọ fúnra ẹ lo sọ fún mi pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni bàálù ń wá. Kò yẹ kó o pe é ní wákàtí kan. Ó yẹ kó o sọ pé wákàtí kan ni lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá dáa."

Luqman wojú ọ̀run. Òun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó ń dáa, ẹnu aránṣọ ni ó ti wá gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, Josiah sọ fún un lórí ẹ̀rọ pé ìjì ń jà ní Olódò.

Ọyẹ́ ọdún tí ó tẹ̀lé e le. Eruku funfun bo gbogbo agbègbè Ẹgbẹ́dá tí abà náà wà, ètè ń bẹ́, àwọn ewé obì sì dà bí ohun tí wọ́n da èlùbọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, Bàbá Lìádì kírun Àsùbáà tán, ó wọ agbádá, ó dé fìlà.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé mo ti kú."

"Lónìí? Bàbá Àmọ̀pé, ẹ wo ìta! A ò rí igi obì iwájú ilé!"

"Ṣé ikú máa wo ìta kó tó wọlé wá bá mi ni?"

Ó jáde. Ó rìn títí dé ẹnu géètì pápákọ̀, ó ní kí wọ́n pe Josiah fún òun. Josiah sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bá mi sọ fún Luqman ní Jọ́ọ̀sì pé Lìádì ti kú."

Josiah wò ó tìyanu-tìyanu. "Bàbá, Lìádì wo?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin gan-an?"

"Láti ìdájí. Má fi àkókò ṣòfò, wọ́n máa tó gbé mi jáde."

Josiah kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun ṣèdárò. Ó wọlé lọ jíṣẹ́. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, bàálù kékeré kan ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn láti Jọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Luqman fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi rí ìjókòó.

Àmọ̀pé kò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, wọ́n ń wú gbáàgúdá, ẹnì kan kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Oòrùn kò ràn, wọn kò sì rí òpin oko. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àkókò Àílà tó, wọ́n gbọ́ ìró bàálù.

Ó ti ìhà àríwá wá, ó kọjá lórí wọn, ó lọ. Wọ́n ń retí kí ìró náà rọlẹ̀ bí ó ṣe máa ń rọlẹ̀ bí bàálù bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ó tún ń bọ̀.

"Kí ló ń ṣe?" ni bàbá bi í.

"Ó ń wá ilẹ̀ ni. Wọn ò rí ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí."

"Wọn ò rí aṣọ tó o rán?"

"Wọn ò rí i, Bàbá."

Ó kọjá, ó tún yí padà. Bàbá Lìádì jù gbáàgúdá ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó di fìlà rẹ̀ mú, ó gbójú sókè sínú eruku funfun náà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ oko rẹ̀ gì, gì, gì.

"Ilẹ̀ nìyí! Ibí nilẹ̀ wà! Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀!"

Àmọ̀pé dúró láàárín ebè, ó ń wo bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kò gbọ́ kí bàbá pe Luqman lórúkọ rí, áńbọ̀sì kí ó pè é lọ́mọ.

Nígbà tí bàálù náà kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọrí sí ìhà gúúsù. Ìró rẹ̀ ń kéré lọ títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Èkó ni wọ́n máa gbé wọn lọ," ni Àmọ̀pé wí.

Bàbá jókòó lórí ebè. "Àmọ́ ó wá."

"Ó wá, Bàbá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo abà ni ó rí i pé ara Bàbá Lìádì kò lélẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, ó ṣe àlùwàlá, ó ní òun gbàgbé etí, ó tún un ṣe. Ó ní ó dà bíi pé omi kò kan gìgísẹ̀ òun, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lèmọ́mù, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, yọjú láti inú mọ́ṣáláṣí.

"Lìádì, ṣé o fẹ́ wẹ̀ ni? A ti ń dúró dè ọ́."

Kò sí ohun tí ó kù tí ó lè fọ̀. Ó wọlé, wọ́n kírun, lèmọ́mù sálámà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà níwájú mọ́ṣáláṣí ni alùpùpù kan já wọ abà. Luqman, tí ó ti fi mọ́tò sáré wá láti Èkó, bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Eruku ti sọ irun rẹ̀ di ewú. Ó wo ojú àwọn àgbà, ó rí i pé wọ́n ti kírun tán, ó sì dọ̀bálẹ̀ síbi tí ó wà.

"Bàbá, mi ò bá a."

"A ti sálámà," ni Bàbá Lìádì wí.

"Mo mọ ohun tá a jọ sọ, sà. Mi ò wá jiyàn. Mo kàn ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín ni, kẹ́ ẹ má baà rò pé mi ò gbéra."

"Ta ló ní mi ò mọ̀? Ṣé kì í ṣe orí mi lò ń gbà kọjá ni?"

"Mo ti rí ojú ọjọ́ ibí kí n tó wọ bàálù. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe ká má lè balẹ̀."

"O mọ̀, o sì wá?"

"Kí ni ǹ bá ṣe, sà?" ni Luqman wí. "Wákàtí kan tí mò ń sọ, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mo lè ṣèlérí ẹ̀. Àmọ̀pé ló sọ ọ́ fún mi, mi ò sì gbọ́ tiẹ̀. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé, ọjọ́ yòówù tẹ́ ẹ bá pè wá, a máa gbéra."

Àmọ̀pé ti dé láti ilé. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Luqman nínú eruku. "Bàbá, ẹ pè é lọ́mọ yín lóko lónìí."

"Ta ló ní kó o gbọ́?" ni bàbá wí. Ojú tì í, àwọn àgbà sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Lìádì wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí eruku bò. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Lèmọ́mù, gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, tí ẹ bá wẹ̀ mí tán, ẹ má tíì gbé mi. Ẹ dúró de Àmọ̀pé."

"Lìádì! O mọ̀ pé a kì í fi òkú falẹ̀."

"Kí Mọ̀ǹgàríbì tó lu, ẹ gbé mi lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Àmọ́ ẹ dúró dè é títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ìwọ fẹ́ máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Èmi tí mo nàró de ọmọ yìí láti àárọ̀," ni Bàbá Lìádì wí, "ṣé ìdùbúlẹ̀ ló máa wá nira fún mi?"

Lèmọ́mù wò ó, ó gbọn orí, ó sì na ọwọ́ sókè láti ṣàdúà. Wọ́n ṣe àmín. Ìyá Roheem, tí ìròyìn ti bá ní Olódò, ṣe àmín tirẹ̀ sókè ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àmọ̀pé gbé maṣíìnì rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó kó síwẹ́tà dání, ó sì rí iṣẹ́ níbẹ̀, torí atẹ́gùn Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú máa ń ya ṣòkòtò rẹ̀. Bí bàálù bá ń kọjá lórí oko ní abà Láoyè, Bàbá Lìádì yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì di fìlà rẹ̀ mú títí yóò fi balẹ̀.

Ọdún 1993 ni ó kan bàbá láti gbéra. Josiah ni ó wá sí abà pẹ̀lú ìròyìn: Àmọ̀pé ti bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, ìyẹn náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Àmọ̀pé rò pé ọkọ òun yóò kọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ti ń wá agbádá.

Nínú bàálù, ó jókòó ti fèrèsé, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí òrùlé abà, ó rí oko rẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ sùn. Òun kò sùn. Kí ó tó ronú tán, wọ́n ti ní kí wọ́n de ara wọn mọ́ ìjókòó, ilẹ̀ pupa Jọ́ọ̀sì sì ti ń bọ̀ wá pàdé wọn. Luqman ti wà níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ní gbangba.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe rí ọ̀nà?"

"Ṣé ó ti tán?" ni bàbá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́ kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ó fún un ní oríkì. Bàbá Lìádì ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí ó ń wò bóyá ọmọ náà dá òun mọ̀.

Ó tẹ̀ba, ó fi ẹnu kan etí ọmọ náà, ó fi oríkì bàbá tirẹ̀ pè é.

"Àjàní," ni ó wí. "Mo tètè dé lọ́tẹ̀ yìí."